Bíréèkì oníná fún kámpà tí píkọ́ọ̀pù ń fà: ẹ jẹ́ ká da ìmọ̀ wa pọ̀

Ọmọ_Katy
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ram 1500 ni mo fẹ́ máa fi fa kámpà alásúlù méjì. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sára kámpà náà jẹ́ 6,000 pọ́n-ùn, bíréèkì oníná sì wà ní táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méje wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ntírólà (àpótí kékeré tí awakọ̀ fi ń darí bíréèkì kámpà) nínú rẹ̀. Kí ni kí n rà, báwo ni mo ṣe máa so ó, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó lè dá wa dúró lóòótọ́? Texas ni mo wà.

Rewáyà_Dallas
Ẹ káàbọ̀. Ní Texas, tírélà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju 4,500 pọ́n-ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kọjá "bóyá". Bí ẹ bá gbé e dé California, 1,500 pọ́n-ùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, 3,000 ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa ra páàtì pààrọ̀ páàtì ni. Òòfà oníná kan wà nínú dúrọ́ọ̀mù táyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́nu ọ̀pá irin kékeré kan. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, kọ̀ntírólà á rán iná gba wáyà búlúù lọ bá òòfà yìí. Òòfà á lẹ̀ mọ́ ojú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, dúrọ́ọ̀mù á wọ́ ọ lọ díẹ̀, ọ̀pá á yí, á sì ti ṣúù méjèèjì (irin títẹ̀ tí láínì, ohun tó ń ha dúrọ́ọ̀mù, lẹ̀ mọ́) síta títí wọ́n á fi fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni òòfà ṣe ń lẹ̀ tó. Ohun mẹ́ta ló wá ń ba bíréèkì yìí jẹ́: iná tí kò dé ìdí òòfà tán, earth (wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) tí kò mọ́, àti ṣúù tó jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Kọ̀ntírólà, bó ti wù kó wọ́n tó, kò lè wo ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn.

Ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní proportional. Ó ní ohun kan nínú tó ń mọ bí píkọ́ọ̀pù ṣe ń dín eré kù, ìwọ̀n yẹn ló sì fi ń rán iná sẹ́yìn. Bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, kámpà á rọra fà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gírígírí, òun náà á mú gírígírí. Irú kejì, time-delay tó dínwó, kò mọ̀ bóyá iná pupa lẹ ń rọra sún mọ́ ni o, àbí ọmọdé ló já sójú títì. Ìwọ̀n tí ẹ ti yàn fún un náà ló ń gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Fún kámpà 6,000 pọ́n-ùn, proportional nìkan ni mo lè bá yín fọwọ́ sí.

Wáyà mẹ́rin ló ń jáde lára rẹ̀. Dúdú ń gba iná 12 fólítì láti bátìrì, funfun ni earth, pupa ń gba ìròyìn látara súwíìṣì iná bíréèkì, búlúù ń gbé iná lọ sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò: bí ẹ bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tow package (ètò fífa tírélà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́) níbẹ̀, ẹ má gé wáyà kankan o. Ẹ ra wáyà àsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín àti ọdún rẹ̀ gan-an, orí kan á wọ ọkọ̀, orí kejì á wọ kọ̀ntírólà, ó parí.

Bí kò bá sí, ẹ tú orí negative bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Wáyà dúdú gbọ́dọ̀ gba inú breaker (ohun tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù) tó ń dá ara rẹ̀ padà kọjá: 20 ámpù fún ásúlù kan tàbí méjì, 30 fún mẹ́ta, kí breaker náà sì wà nítòsí bátìrì. Wáyà 12 gauge ló kéré jù, 10 gauge, tó nípọn jù ú, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé funfun dé orí negative bátìrì, ẹ má kàn fi súkúrú kàn án mọ́ irin dáṣíbọ́ọ̀dù. Pupa ni wọ́n máa ń ṣì so jù: ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì tó ń ní iná kìkì bí ẹ bá tẹ pẹ́dà ni ẹ fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì ní iná tọ̀sán-tòru, bí ẹ bá sì so ó mọ́ ibẹ̀, kọ̀ntírólà á rò pé ẹsẹ̀ yín kò kúrò lórí pẹ́dà.

Nípa ibi tí ẹ máa gbé e kọ́: kó dojú kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn tààrà, kó má ṣe wọ́ sí òsì tàbí ọ̀tún, kí ọwọ́ awakọ̀ tó o láìtẹ̀ síwájú, kó má sì wà níwájú airbag orúnkún.

Àǹtí_Wáyà
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti iwájú, ẹ jẹ́ n mú ti ẹ̀yìn. Ẹ má gba àwọ̀ wáyà gbọ́. Ìlànà méjì ló wà lórí pọ́lọ́ọ̀gì oníhò méje. Nínú ti kámpà, àwọ̀ ewé ni iná ẹ̀yìn, pupa ni ìtọ́ka òsì, bíráwùn ni ìtọ́ka ọ̀tún, yẹ́lò ni ríbáàsì. Nínú ti tírélà ẹrù, bíráwùn ni iná ẹ̀yìn, yẹ́lò ni òsì, àwọ̀ ewé ni ọ̀tún. Búlúù fún bíréèkì, funfun fún earth, dúdú fún 12 fólítì ló sábà máa ń bára mu nínú méjèèjì. Ẹni tó bá so ìyókù ní àwọ̀ sí àwọ̀ á rí i pé àwọ̀ bára mu, iṣẹ́ kò bára mu. Ẹ fi tẹ́sítà wo ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú píkọ́ọ̀pù kan, wáyà tó yẹ kó gbé iná bátìrì lọ sẹ́yìn máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ká, tí wọ́n fi téèpù dì, tí wọn kò so mọ́ ibi kankan láti ilé iṣẹ́. Ẹ wá a kí ẹ tó sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́.

Àwọn kílíìpù pẹlẹbẹ tó ń gé ara wáyà láti fi so wáyà mìíràn mọ́ ọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò wọ́n fún bíréèkì. Wọ́n ń gé díẹ̀ nínú okùn wáyà, omi àti iyọ̀ ojú ọ̀nà á wọlé, bàbà á dà bí ewé tútù, iná á sì máa kú sójú ọ̀nà. Ẹ lo àsopọ̀ tí ẹ máa fi pílíá tẹ̀ pa, tó ní rọ́bà tó ń yọ́ mọ́ wáyà bí ẹ bá fi ooru kàn án. Bọ́ọ̀lù họ́ọ̀kì kì í ṣe earth, bó ti wù kó dán tó. Wáyà funfun ni earth, kó sì wà lára irin tí ẹ ti fi sáńpépà ha dé ojú funfun.

Ọmọ_Leeds
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé kárávàn tiwa níbí náà nílò kọ̀ntírólà yìí?

Rewáyà_Dallas
Rárá o. Ti Bìrìtéènì yàtọ̀. Overrun ni wọ́n ń lò níbẹ̀: bí ọkọ̀ iwájú bá dín eré kù, ìwúwo kárávàn fúnra rẹ̀ á ti ẹnu ìsopọ̀ wọlé, ọ̀pá irin àti kébù á sì fa bíréèkì. Kò sí iná nínú rẹ̀. Tírélà tó bá ju 750 kílò lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, overrun sì lè bá wọn dé 3,500 kílò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n máa kọ nípa ṣúù àti bẹ́ríìn nísàlẹ̀, ìyẹn kan yín náà.

Bàbá_Dúrọ́ọ̀mù
Ẹ wá gbọ́ ibi tí owó ń ṣòfò sí. Èèyàn á ra kọ̀ntírólà tuntun, á so ó dáadáa, kámpà kò sì ní dúró, nígbà tó jẹ́ pé ṣúù ló jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Bí ṣúù bá jìnnà, ọ̀pá òòfà á ti rìn tán kí láínì tó kan ojú irin. Awakọ̀ á wá gbé gain (ìwọ̀n agbára tí kọ̀ntírólà ń rán sẹ́yìn) sókè, gbé e sókè, títí táyà kan tí ṣúù tirẹ̀ sún mọ́ á fi tì pa nígbà tí mẹ́ta yòókù kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà ẹ̀gbẹ́ kejì. Férémù ni kí jáàkì gbé, kì í ṣe ásúlù, torí ásúlù lè tẹ̀. Lẹ́yìn náà kí sítáńdì gba ìwúwo. Lẹ́yìn bákìpíléètì (irin pẹlẹbẹ tí ṣúù wà lára rẹ̀), nísàlẹ̀, ihò gígùn kan wà tí rọ́bà dí. Ẹ yọ rọ́bà, ẹ ki súkúdìráfà pẹlẹbẹ tàbí irin tí wọ́n ṣe fún un wọlé, ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa fọwọ́ yí táyà sí ọ̀nà tó ń gbà rìn síwájú. Ẹ máa fún un títí táyà á fi le débi pé agbára káká ni ọwọ́ fi ń yí i. Ẹ má fo ìpele yìí, òun ló ń mú kí ṣúù jókòó sí àárín gbùngbùn dúrọ́ọ̀mù. Kí ẹ wá tú u sẹ́yìn, nǹkan bí eyín mẹ́wàá, títí táyà á fi yí wẹ́rẹ́ tí etí yín ṣì ń gbọ́ láínì tó ń ha díẹ̀ díẹ̀. Bákan náà ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n bára dọ́gba.

Tí bíréèkì bá jẹ́ tuntun, ẹ padà wá tún un ṣe lẹ́yìn 200 máìlì àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni láínì àti dúrọ́ọ̀mù ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 3,000 máìlì 3,000 máìlì. Àwọn kan wà tó ń tún ara wọn ṣe bí kámpà ṣe ń rìn síwájú, ẹ wo ìwé kámpà yín kí ẹ tó ki irin bọ ibẹ̀.

Láínì tuntun kì í mú lọ́jọ́ kìíní. Ẹ wá ọ̀nà tí kò ní èrò, ẹ sá 40 máìlì ní wákàtí, ẹ fi ọwọ́ ti sílaídà kọ̀ntírólà nìkan (ohun tó ń mú bíréèkì kámpà láìtẹ pẹ́dà) títí ẹ ó fi bọ́ sí 20, ẹ wá rìn tó máìlì kan kó tutù, kí ẹ tún ṣe é. Nígbà mẹ́wàá sí ogún, ẹ ó rí i tó ń mú.

Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti ṣí, ẹ má tì í padà láìwo inú rẹ̀. Ẹ fi rúlà lélẹ̀ lójú òòfà: bó bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí wáyà bàbà ti ń yọjú, ó ti tán, ẹ sì pààrọ̀ òòfà méjèèjì tó wà lórí ásúlù kan náà pọ̀, ká má ní alágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀lẹ. Ṣúù tó kúrú ló ń dojú kọ iwájú kámpà. Ásúlù 3,500 pọ́n-ùn sábà máa ń lo dúrọ́ọ̀mù 10 ínṣì tí bóòtù mẹ́rin di bákìpíléètì rẹ̀ mú. Láti 5,200 dé 7,000, 12 ínṣì tó ní bóòtù márùn-ún ni. Dúrọ́ọ̀mù 10 ínṣì tó bá ti fẹ̀ ju 10.090 lọ, tàbí 12 ínṣì tó ju 12.090 lọ, ẹ jù ú nù. Tòsì àti tọ̀tún kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ kíyè sí i bí ẹ bá ń ra odidi bíréèkì.

Bí ẹ bá ń dá họ́ọ̀bù padà, ẹ fún nọ́ọ̀tì bẹ́ríìn dé nǹkan bí 50 ft-lb (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) nígbà tí ẹ ń yí họ́ọ̀bù, ẹ tú u pátápátá, kí ẹ wá fi ìka nìkan fún un, kí ẹ sì fi pín-ìn sí i. Bí ihò pín-ìn kò bá bára, ẹ dá a sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má fún un síwájú. Nọ́ọ̀tì táyà tó wà lórí bóòtù ½ ínṣì, 90 sí 120 ft-lb. Ẹ tún un fún lẹ́yìn 10 máìlì, 25 àti 50.

Ìyá_Kámpà
Bàbá, ẹ ṣeun. Ó ku gain, ibẹ̀ ni wàhálà tó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé dé ojú ọ̀nà.

Ẹ di ẹrù sínú kámpà bó ṣe máa rí lọ́jọ́ ìrìn gan-an, omi, gáàsì, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Kámpà òfìfo kò lè sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gbẹ, tí kò sí èrò. Ẹ sá 20 sí 25 máìlì ní wákàtí, ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo, ẹ wá ti sílaídà dé òpin. Bí kámpà bá kàn ń fà yín lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kún gain. Bí táyà bá tì pa tó ń pariwo lórí ọ̀dà, ẹ dín in kù. Ibi tí ẹ ń wá ni ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí táyà ti fẹ́ tì. Kámpà tó wúwo gan-an lè má tì rárá. Nígbà náà, ìdúró tó mú ṣinṣin ni kí ẹ wá. Ẹ tún un dán wò pẹ̀lú pẹ́dà. Kámpà kò gbọdọ̀ ti píkọ́ọ̀pù nídìí, kò sì gbọdọ̀ já a gbà sẹ́yìn.

Boost yàtọ̀ sí gain. Gain ń pinnu bí agbára á ṣe pọ̀ tó. Boost ń pinnu bó ṣe máa tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yan gain pẹ̀lú boost ní pípa, kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tí kọ̀ntírólà rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yan irú bíréèkì tó tọ́ nínú mẹ́nù kó tó ṣe èyíkéyìí: Electric yàtọ̀ sí EOH, tó jẹ́ bíréèkì olómi tí iná ń darí.

Lójú òjò àti lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ dín gain kù, torí táyà á tètè yọ̀. Bí ẹ bá sì ń ríbáàsì, ẹ mọ̀ pé agbára bíréèkì yìí máa ń dín kù gan-an bí dúrọ́ọ̀mù bá ń yí sẹ́yìn. Ẹ rọra.

Ọmọ_Katy
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti so ó, ṣúù náà ti wà létòlétò. Kọ̀ntírólà ń fi hàn pé kámpà wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú gain ní òpin pátápátá, ìdúró rẹ̀ kò le.

Rewáyà_Dallas
Ẹ̀rí pé kámpà wà lẹ́yìn kò túmọ̀ sí pé òòfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹun. Òòfà kan ṣoṣo tó ṣì wà láàyè tó fún kọ̀ntírólà láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá clamp mítà tó ń ka DC, ẹ fi gbá wáyà búlúù mú lẹ́nu kámpà. Gain ní òpin, kí ẹnì kan ti sílaídà dé òpin pẹ̀lú, torí kọ̀ntírólà ń rán iná ní fífọ́ wẹ́wẹ́ bí kò bá dé òpin, mítà á sì parọ́ fún yín. Òòfà 10 tàbí 12 ínṣì kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 3 ámpù. Mẹ́rin ní láti fún yín ní nǹkan bí 12. Bó bá jẹ́ 9, ọ̀kan ti dákẹ́. Bó bá jẹ́ 6, méjì ti dákẹ́, ásúlù kan náà ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ iye tí kò bá èyíkéyìí mu, bíi 7 tàbí 8, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn wà láàyè ṣùgbọ́n kí ebi máa pa wọ́n: earth tàbí àsopọ̀ tó ti jẹrà ni.

Láti mọ ibi tí iná ń kú sí, ẹ wọn fólítì lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ tún wọn ọ́n ní ẹ̀yìn táyà, níbi tí wáyà òòfà méjèèjì ti so, nígbà tí sílaídà ṣì wà ní òpin. Bí iwájú bá ní 12.5 tí ẹ̀yìn sì ní 9, ojú ọ̀nà ló jẹ ìyókù. Òòfà tí ẹ bá tú sílẹ̀ yẹ kó ní 3 sí 4 ohm. Láàárín wáyà rẹ̀ àti ara irin rẹ̀, mítà kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan. Wáyà òòfà méjèèjì kò ní positive tàbí negative, ẹ lè so ó bó ṣe wù yín. Ẹni tí kò ní mítà lè gbé kọ́ńpáàsì kékeré sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù: bí iná bá dé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á yí.

Àǹtí_Wáyà
Kí n fi kún un: bí kọ̀ntírólà bá ń kọ SH (ìyẹn ni pé wáyà ti ṣẹ́ọ́tì), tàbí tí breaker ń já léraléra, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tó gba inú ihò ásúlù láti táyà kan dé èkejì. Ó máa ń gbọn jìgìjìgì nínú irin ní gbogbo ìrìn, ara rẹ̀ á sì bó. Ẹ má ki òmíràn gba ibẹ̀. Ẹ gbé tuntun gba ẹ̀yìn ásúlù, nínú páìpù oníke, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀.

Breakaway náà kò ṣeé gbàgbé. Súwíìṣì kékeré ni, tó ní pín-ìn àti kébù tín-ínrín. Bí kámpà bá já kúrò lára ọkọ̀, kébù á fa pín-ìn yọ, bátìrì kámpà á sì fi gbogbo agbára dá a dúró. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ọkọ̀ ìṣòwò ní kí bíréèkì náà mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ìwọ̀n yẹn náà ló yẹ kí ẹ lépa. Ara píkọ́ọ̀pù gan-an ni kí ẹ so kébù mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tàbí ṣéènì, tí ìyẹn bá já, wọ́n á jọ lọ ni.

Ẹ dán an wò lóṣooṣù: ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì oníhò méje kí iná má padà lọ bá kọ̀ntírólà, ẹ fa pín-ìn, ẹ fi píkọ́ọ̀pù fa kámpà síwájú jẹ́jẹ́. Táyà gbọ́dọ̀ kọ̀. Kí ẹ dá pín-ìn padà kíá, torí òòfà á gbóná, bátìrì á sì gbẹ. Kì í ṣe bíréèkì ìgúnlẹ̀. Bí bíréèkì kámpà kò bá sì tú rárá nígbà tí pọ́lọ́ọ̀gì ti yọ, súwíìṣì yìí ni kí ẹ mú.

Ìyá_Kámpà
Bí kámpà bá ń jù sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ pẹ́dà píkọ́ọ̀pù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ di ọwọ́ ìtukọ̀ mú tààrà, ẹ rọra ti sílaídà kí kámpà fúnra rẹ̀ na okùn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wọn ìwúwo lẹ́nu họ́ọ̀kì: 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kámpà. Fún 6,000, ìyẹn jẹ́ 600 sí 900 pọ́n-ùn. Bó bá kéré jù, bíréèkì kọ́ ló jẹ̀bi.

Ọmọ_Katy
9 ámpù ni mítà kà. Táyà òsì ẹ̀yìn ló tutù nígbà tí mẹ́ta yòókù gbóná. Nígbà tí a ṣí i, gíríìsì kún inú dúrọ́ọ̀mù, ó kan láínì, wáyà òòfà náà sì ti já. Ṣé a lè fi pẹtiróòlù fọ láínì náà?

Bàbá_Dúrọ́ọ̀mù
Rárá o. Láínì ti mu gíríìsì wọnú. Ẹ ó fọ òde, ooru á sì tún fa ti inú jáde. Ẹ pààrọ̀ ṣúù ti òsì àti ti ọ̀tún lórí ásúlù yẹn, àti òòfà méjèèjì. Ẹ fi omi ìfọ-bíréèkì fọ dúrọ́ọ̀mù títí tákísà funfun fi máa jáde ní funfun. Ẹ fi síìlì tuntun sẹ́yìn bẹ́ríìn, torí síìlì ló jẹ́ kí gíríìsì kọjá. Bí ásúlù náà bá ní ihò gíríìsì lẹ́nu, ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rọ ọ́: gọ́ọ̀nù ọlọ́wọ́ ni, díẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kejì máa yí táyà títí gíríìsì tuntun á fi yọ níwájú. Lẹ́yìn náà ẹ tún ṣúù fún bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, ẹ ṣe ìdúró 40 sí 20 yẹn fún láínì tuntun, kí ẹ sì tún gain yàn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òòfà mẹ́rin kò ní fẹ́ iye tí mẹ́ta ń lò.